Bí a ṣe ń fi sítáǹdì gbé ọkọ̀ ró láìsí ewu nínú ọgbà ilé

Ní agbègbè Ọ̀tà àti Sango-Ọ̀tà, kì í ṣe ohun tuntun kí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ tún ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe nínú ọgbà ilé. Nínú iléeṣẹ́, Òfin Iléeṣẹ́ Ẹ̀rọ ti ọdún 1987 béèrè pé kí ẹni tó mọṣẹ́ máa yẹ ẹ̀rọ ìgbẹ́rù wò lóòrèkóòrè. Nínú ọgbà ilé, ẹni tó ni ọkọ̀ ni olùyẹ̀wò.

Ìdí tí jáàkì nìkan kò fi tó

Iṣẹ́ jáàkì ni láti gbé ọkọ̀ sókè. Iṣẹ́ sítáǹdì ni láti gbé e ró. Bí rọ́bà inú jáàkì ọlọ́ìlì bá ti gbó, ọ́ìlì rẹ̀ lè jò, ọkọ̀ a sì wálẹ̀. Jáàkì kékeré tó wà nínú búùtù wà fún pípààrọ̀ táyà nìkan. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì náà kò ṣe é gbára lé, nítorí ó lè fọ́ lójijì. Ẹni tí ọkọ̀ bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní àyà kò ní lè mí.

Sítáǹdì jẹ́ irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí a lè fa orí rẹ̀ sókè, tí píìnì tàbí eyín irin sì ń dá a dúró. Ẹ lo méjì tó bára mu. Ẹ wo ìwọ̀n tọ́ọ̀nù tí a kọ sí i lára, kí ẹ má sì lo èyí tó ti dípẹtà, tó tẹ̀, tàbí tó ti sán.

Ìlànà tí ẹ ó tẹ̀lé

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sí orí kọnkéré tó tẹ́jú. Ilẹ̀ lásán máa ń rọ̀ lásìkò òjò, ẹsẹ̀ sítáǹdì a sì rì.
2. Ẹ fi ọkọ̀ sí páàkì tàbí jíà kìíní, ẹ fa hánbúréèkì, kí ẹ sì fi igi dènà àwọn táyà tí yóò wà nílẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni hánbúréèkì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń dì mú. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kò wúlò mọ́.
3. Bí ẹ ó bá yọ táyà, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gòkè.
4. Ẹ fi jáàkì sí ibi tí ìwé ìlànà ọkọ̀ tọ́ka sí.
5. Ẹ ti sítáǹdì sí abẹ́ ibi tó lágbára lára ọkọ̀, ní apá méjèèjì, kí gíga wọn dọ́gba. Ẹ rí i pé píìnì wọlé dáadáa, kí ẹ tó rọra sọ ọkọ̀ lé wọn lórí.
6. Kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ mi ọkọ̀ náà. Bí ó bá yẹ̀, ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì tún sítáǹdì tò.
7. Ẹ ti táyà tí ẹ yọ sí abẹ́ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ààbò kejì. Ẹ má ṣe dá nìkan ṣiṣẹ́, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Kí ẹnì kan pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì tí a ń pè lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì sọ orúkọ òpópónà àti àmì tó súnmọ́ ibẹ̀. Kí àwọn yòókù fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè kíákíá, kí wọ́n sì fi ohun tó lágbára gbé e ró, kí wọ́n tó fa ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí a kò tíì gbé ró.

Ìfura loògùn àgbà. Ẹni tí kò bá ní sítáǹdì, kí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ní i.