Ojú Ewé àti Àlejò Rẹ̀: Láti Ìwé Ìròhìn dé Orí Ìkànnì

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ C.M.S. ní Abẹ́òkúta, tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde. Lẹ́tà tí òntẹ̀wé tò sínú ẹ̀rọ ní Abẹ́òkúta, òun náà gan-an ni ó dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á. Ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ olùkàwé ni ó ń tún ojú ewé tò nígbàkígbà tí a bá ṣí i. Bí ẹ̀rọ náà kò bá sì ní lẹ́tà tí a fi kọ ọ́, iṣẹ́ akọ̀wé ti bàjẹ́ kí àlejò tó ka gbólóhùn kan.

Ìpọ́njú tí èyí mú bá èdè Yorùbá kò kéré. Ìpàdé tí C.M.S. pè ní Èkó ní ọdún 1875 ni ó fìdí àkọtọ́ múlẹ̀, tí ẹ, ọ àti ṣ fi ní àmì lábẹ́. Ẹ̀rọ táípíráítà tí a ń kó ti Òkè-Òkun wá kò ní àmì wọ̀nyí. Gègé ni akọ̀wé fi ń kán wọn sábẹ́ lẹ́tà. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ìlànà ASCII kalẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ní 1963, àyè 128 péré ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ti ẹ níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kọ Yorùbá wá dárà: wọ́n ya àwòrán ẹ lé àyè àmì mìíràn. Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kọ ọ́, ó dára. Lórí ti àlejò, wúruwùru ni. Ìlànà Unicode, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ni ó wá fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ ṣì jẹ́ ege méjì tí ẹ̀rọ ń so pọ̀. Bí irú lẹ́tà tí aṣètò yàn kò bá gbà wọ́n, àmì ohùn a fò sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí ipò rẹ̀. Kódà níbi tí lẹ́tà ti pé, bí ìlà bá fún mọ́ ara wọn, àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ a máa forí gbún àmì abẹ́ ìlà òkè.

Ẹ wo Odo-Owa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oke-Ero ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Báyìí ni ìwé ìjọba ń kọ orúkọ ìlú náà, láìsí àmì, bẹ́ẹ̀ náà ni a sì tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, tí ó bá a pàdé lórí ìkànnì, kò lè mọ̀ bóyá odò tí ń ṣàn ni tàbí odó tí a fi ń gún iyán. Ọmọ ìlú mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí onílé mọ̀ láìbéèrè ni aṣètò níláti fi hàn án. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí ìkànnì ẹgbẹ́ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ ni pé àwòrán alága àti ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ a gba gbogbo ojú ewé, nígbà tí ẹni tí ó wọlé ń wá ọjọ́ ìpàdé tàbí iye owó ilé-ẹ̀kọ́. (Ó jọ ilé tí a fi àga dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.)

Ní 2001 ni fóònù GSM wọ Nàìjíríà, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kọ́kọ́ rí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà ìkànnì tí a ṣe fún kọ̀ǹpútà a kéré bí èèrà lórí rẹ̀, títí Ethan Marcotte, ará Amẹ́ríkà, fi kọ́ àwọn aṣètò ní 2010 bí ojú ewé kan náà yóò ṣe máa tún ara rẹ̀ tò gẹ́gẹ́ bí fífẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ra Ìwé Ìròhìn sanwó lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ń lo dátà ń sanwó lórí gbogbo àwòrán tí aṣètò kó jọ, ìbáà wù ú, ìbáà má wù ú.

Nígbà tí BBC bẹ̀rẹ̀ ìkànnì ìròyìn rẹ̀ ní èdè Yorùbá ní oṣù Kejì ọdún 2018, àwọn olùlo fóònù ni ó ní lọ́kàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi ìwákiri ni ìṣòro kù sí lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì. Àmì ohùn kì í sábà sí nítòsí lórí fóònù, nítorí náà “oko” ni ènìyàn ń tẹ̀ bí ó bá ń wá ọkọ̀ tàbí ọkọ́. Ìkànnì tí kò bá mọ̀ ju lẹ́tà tí a tẹ̀ lọ yóò dá a lóhùn pé kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó kún inú rẹ̀. Olùwá náà a sì tún un tẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.