Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìgbẹ́ Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Nọ́ọ̀sì yín láti Olódò ni. Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀ nítorí pé ìtàn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ohun tí ẹ máa ṣe wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan dá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ti ń ya ẹ̀jẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ láti bí oṣù mẹ́ta. A ti lo àgbo jẹ̀díjẹ̀dí oríṣi mẹ́ta, kò gbọ́. Ṣé ká tún wá òmíràn ni?" Mo ní, "Ẹ má wá òmíràn mọ́, bàbá. Ẹ mú ọmọ náà wá." Ìbéèrè bàbá yìí ló jẹ́ kí n kọ èyí, nítorí pé èmi tí mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí.

*Àṣìṣe tèmi*

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà àti gúgúrú wá sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ̀jẹ̀ àti ikun sì wà nínú rẹ̀. Mo ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, mo fún un ní Flagyl. Ara rẹ̀ fúyẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ó tún padà wá. Mo tún fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fún un ní oògùn kan náà kí n tó bi ara mi pé irú ọ̀rìn wo lèyí tí kì í lọ.

Kó tó di ìgbà yẹn, ó ti rù, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fún un ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti ń wo orogún rẹ̀ níwòkuwò, wọ́n ní ó ti fi nǹkan sí oúnjẹ fún un. Ilé yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú.

Nígbà tí wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò tí wọn kò rí amíbà, tí wọn kò rí aràn, ni mo tó kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Níbẹ̀, wọ́n ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu gba ìdí rẹ̀ wọlé láti wo ìfun rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí ni wọ́n ń pè ní colonoscopy. Wọ́n tún bù díẹ̀ lára ìfun náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Egbò ló kún ìfun ńlá rẹ̀. Ulcerative colitis ni wọ́n pe àrùn náà.

*Ẹjọ́ májèlé kan ní 1859*

Ẹ má rò pé àwa nìkan là ń wá ẹni tí a máa fẹ̀sùn kàn bí a kò bá mọ àrùn. Ní 1859, obìnrin kan tó ń jẹ́ Isabella Bankes kú ní Richmond, nítòsí London, lẹ́yìn tó ti ń bì tó sì ti ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Dókítà ni ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé, Thomas Smethurst lorúkọ rẹ̀. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n ní ó fi májèlé pa obìnrin náà. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún un. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, onímọ̀ májèlé tó ní òun rí arsenic nínú ìgò kan nílé wọn ti wá jẹ́wọ́ pé inú ohun èlò tí òun fi ṣe àyẹ̀wò ni arsenic náà ti jáde.

Dókítà kan ní ilé ìwòsàn Guy's, Samuel Wilks, yẹ ìfun olóògbé náà wò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìfun náà wú, egbò sì wà nínú rẹ̀. Ìjọba dárí ikú ji Smethurst níkẹyìn, àmọ́ ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan torí pé ó gbé obìnrin náà níyàwó nígbà tí ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀ ṣì wà láyé. Àkọsílẹ̀ Wilks yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ulcerative colitis.

Àrùn yìí ní ìbátan kan. Ní 1913, Kennedy Dalziel, oníṣẹ́ abẹ ní Glasgow, kọ nípa àwọn aláìsàn tí ìfun wọn wú tó sì ki. Ní 1932, Burrill Crohn, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer, ní ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York, kọ nípa aláìsàn 14 tí irú rẹ̀ ń bá jà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní àrùn Crohn. Ulcerative colitis kì í kúrò ní ìfun ńlá, ìdí ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àrùn Crohn lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ìdí, ó sì máa ń jẹ wọnú ẹran ìfun jù.

Nínú àwọn méjèèjì, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa lé àrùn ló kọjú ìjà sí ìfun onílé. Kì í ràn. Kì í ṣe ṣúgà ló fà á, kì í ṣe èpè. Ohun tí ènìyàn jogún wà níbẹ̀, bí a ṣe ń gbé ayé náà wà níbẹ̀, kò sì sí ohun kan ṣoṣo tí a lè nàka sí.

*Bí wọ́n ṣe mọ ibi tí àrùn náà ń lọ*

Ìbéèrè tí gbogbo aláìsàn máa ń bi mí ni pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ó máa lọ?" Ìdáhùn rẹ̀ kò ti inú oògùn wá. Inú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀lé aláìsàn ló ti wá.

Ní Oxford, Sidney Truelove àti Leslie Witts kó aláìsàn 210 jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní cortisone, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Ní 1955 wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde: nínú 100 tó lo cortisone, nǹkan bí 41 ni àrùn náà dákẹ́ fún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nínú 100 tí kò lò ó, nǹkan bí 16 péré ni. Àwọn tó kú sì kéré lára àwọn tó lò ó. Ẹ̀yà cortisone ni prednisolone tí ẹ mọ̀ lónìí. Kó tó dìgbà náà, Nanna Svartz, dókítà obìnrin ará Sweden, ti gbé sulfasalazine jáde, a sì ń lo òun náà títí di òní.

Truelove kò dá a dúró síbẹ̀. Ní 1963, òun àti Edwards kọ ìtàn aláìsàn 624 tí wọ́n tọ́jú ní Oxford láàárín 1938 sí 1962, bí ó ṣe rí fún wọn láti ọdún dé ọdún. Ní Copenhagen, àwọn dókítà tẹ̀lé aláìsàn 1,161, àwọn mìíràn nínú wọn fún ọdún 25. Ní 1994 wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí: nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, àrùn náà ń dákẹ́ fún nǹkan bí ìdajì wọn, ó sì ń jà fún àwọn yòókù. Ẹni tó dákẹ́ fún lónìí, ó lè jí sí i lẹ́yìn ọ̀la. Lẹ́yìn ọdún 10, nǹkan bí 24 nínú 100 ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ yọ ìfun ńlá wọn.

Ní Norway, wọ́n kọ orúkọ àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sílẹ̀ láti 1990 sí 1993. Nígbà tí wọ́n tún wò wọ́n lẹ́yìn ọdún 10, àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà kò pé 10 nínú 100. Ó lé ní ìdajì wọn tí àrùn náà bá jà gan-an níbẹ̀rẹ̀, tó wá rọlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń sunkún lọ́dún àkọ́kọ́, mo máa ń sọ fún un pé ọdún àkọ́kọ́ ló sábà máa ń le jù.

Ṣùgbọ́n apá kan wà tó yẹ ká bẹ̀rù. Ní 2001, àwọn dókítà kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀. Wọ́n ní nínú 100 tó ní ulcerative colitis, 2 lè ní jẹjẹrẹ ìfun bó bá fi máa pé ọdún 10, 8 bó bá pé ọdún 20, 18 bó bá pé ọdún 30. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e ní ewu náà ti dín kù sí bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń lo oògùn déédéé tí wọ́n sì ń wo ìfun lóòrèkóòrè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe colonoscopy ìṣọ́ra bó bá ti tó ọdún 8 tí àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀, kódà bí ara bá dá ṣáṣá.

*Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́?*

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé àrùn òyìnbó ni, a kò ní rí i. Wọn kò dédé sọ bẹ́ẹ̀. Denis Burkitt, dókítà tó pẹ́ ní Uganda, máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri Áfíríkà láti béèrè irú àrùn tí wọ́n ń rí, àbọ̀ tó sì ń rí gbà ni pé irú àrùn ìfun báyìí ṣọ̀wọ́n. Òun àti Hugh Trowell ní oúnjẹ wa tó ní háhá ló ń dáàbò bò wá.

Ẹ wá wo Soweto ní South Africa. Ní 1980, Segal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Baragwanath kọ̀wé pé ulcerative colitis ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 1988, Segal yìí kan náà kọ̀wé nípa aláìsàn 46 àkọ́kọ́ tí wọ́n rí níbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ní 2012, àwọn dókítà láti Ilé-Ifẹ̀, UCH Ìbàdàn àti Nnewi pawọ́ pọ̀ kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n rí ní ilé ìwòsàn wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà.

Ó rọrùn fún un láti sá pamọ́ sáàárín wa. Bó bá mú ẹ̀jẹ̀ jáde, a ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bó bá mú ikun jáde, a ó ní ọ̀rìn ni. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ ìfun sì jọ àrùn Crohn bí ìbejì. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe colonoscopy kò pọ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Mo tún ní láti kìlọ̀ pé ìgbẹ́ ọ̀rìn ṣì wọ́pọ̀ ju àrùn yìí lọ lọ́dọ̀ wa. Bí ẹnì kan bá ka ọ̀rọ̀ yìí tán tó lọ ra prednisolone ní kẹ́mísì, tó sì jẹ́ pé amíbà ló wà nínú ìfun rẹ̀, oògùn yẹn lè ṣe é léṣe débi ikú. Àyẹ̀wò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

*Ohun tí ẹ máa ṣe*

1. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde mọ́ ìgbẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí tí ìgbẹ́ ń jí yín lóru, tí ẹ sì ń rù, ẹ wá fún àyẹ̀wò. Bí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, ẹ má tilẹ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí jẹjẹrẹ ìfun.

2. Bí ẹnì kan bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí àyà rẹ̀ ń sáré, ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà ni. Láti ọwọ́ Truelove àti Witts ni òṣùwọ̀n yìí ti wá, àwọn dókítà ṣì ń lò ó.

3. Ẹni tó bá ti ní àrùn yìí, kó yẹra fún àgbo ọlọ́tí, kó má sì dá lo ibuprofen tàbí diclofenac fún ara ríro láti oko. Wọ́n lè jí àrùn náà.

4. Ẹ má dá oògùn dúró torí pé ara ti yá. Ní pàtàkì, ẹ má dá prednisolone dúró lójijì. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

5. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní àrùn yìí ló ń bímọ. Ohun tó dára jù ni kí àrùn náà ti dákẹ́ kí wọ́n tó lóyún, kí dókítà sì mọ̀.

6. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọdún tí àrùn bẹ̀rẹ̀, oògùn tí ẹ ń lò, ọjọ́ tí wọ́n wo ìfun yín àti ohun tí wọ́n rí. Káàdì máa ń sọnù, dókítà máa ń ṣípò padà. Àkọsílẹ̀ ni àwọn ará Copenhagen àti Norway fi mọ ohun tí wọ́n mọ̀. Ẹ̀yin náà lè ṣe ti ara yín.

Ọ̀dọ́bìnrin yẹn ṣì ń ta ẹ̀pà. Àrùn náà ti jí sí i lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kan nínú rẹ̀ jẹ́ pé ó dá oògùn dúró nígbà tí owó rẹ̀ wọ́n. Ó ti bí ọmọ méjì. Nígbà tó wà lórí ìbùsùn lọ́sibítù, orogún rẹ̀ tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí fún Flagyl ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn. Ẹ̀rín ló fi mí rín.

Bàbá tó dá mi dúró ti mú ọmọ rẹ̀ wá. A ti gba ìgbẹ́ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, a ń retí èsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé yín, pàápàá ẹni tó ti ń ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí láti oṣù dé oṣù. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Kò sí ohun ìtìjú nínú ọ̀rọ̀ ìgbẹ́.

Nọ́ọ̀sì yín, Olódò.