Ìdúnàádúrà
Ìdúnàádúrà, ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ "ná" àti "rà" nínú rẹ̀, ni kí olùtà àti olùrà máa fọ̀rọ̀ wá iye tí yóò tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn, bí ó ti rí ní ọjà Farin Gada ní ìlú Jos, níbi tí oníbàárà ti lè kẹ̀yìn sí apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì kí olùtà sì tún pè é padà. Ó máa ń wáyé láàárín àwọn orílẹ̀-èdè pẹ̀lú. Nígbà tí Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r kúrò nínú ECOWAS, àjọ ọrọ̀-ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ náà pàṣẹ pé kí a ṣì máa gba ọjà wọn bíi ti ọmọ ẹgbẹ́ títí di ìgbà mìíràn, ṣùgbọ́n kí oṣù kẹta tó parí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bu owó ibodè ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà tí ó ń ti àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS wọlé. Ìpàdé tí ìhà méjèèjì ṣe ní Bamako, olú-ìlú Málì, ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni orúkọ ìdúnàádúrà tọ́ sí, kì í ṣe àṣẹ tí ìhà kan dá pa.