Ìtọ́jú àrùn fọ́ńgọ́ọ̀sì lára ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún

Kí ara má baà kọ kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, aláìsàn ní láti máa lo oògùn tó ń rẹ agbára ìdáàbòbò ara sílẹ̀, bíi tacrolimus. Àyè yìí ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ń rí wọnú ara. Candida ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n lára àwọn tó gba ẹ̀dọ̀fóró, Aspergillus, tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí, ló ń da oníṣègùn láàmú jù.

Fún Candida inú ẹ̀jẹ̀, oògùn ìdílé echinocandin ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní ti Aspergillus, voriconazole, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2002, ti gba ipò amphotericin B, oògùn àtijọ́ tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Ta ló fẹ́ irú ìyẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kíndìnrín? Voriconazole náà ní wàhálà tirẹ̀. Ó máa ń dí ẹ́ńsáìmù CYP3A4, tó ń tú tacrolimus ká nínú ẹ̀dọ̀, lọ́wọ́. Bí wọn kò bá dín tacrolimus kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, yóò kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì di májèlé. Bí wọ́n bá dá voriconazole dúró, wọ́n tún gbọ́dọ̀ gbé ìwọ̀n tacrolimus sókè, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lemọ́lemọ́. Ó kéré tán, ìtọ́jú Aspergillus a máa gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 12.