Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà Fún Géèmù

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ti mọ ṣọ́ọ̀bù géèmù, níbi tí èèyàn ti ń sanwó kó tó jókòó síwájú tẹlifíṣàn láti gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà báyìí tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tiwọn ni wọ́n fẹ́ kó wà nílé, èyí tí wọn yóò máa fi gbá géèmù, tí wọn yóò sì tún máa fi kẹ́kọ̀ọ́ tàbí fi to fídíò fún oníbàárà. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó lè jẹ́ èrè ọ̀pọ̀ apẹ̀rẹ̀ tòmátò tí òbí tà ní ọjà Ṣáṣá, ó sì lè jẹ́ àjọ ọdún kan gbáko. Bí wọ́n bá fi ra ẹ̀yà tí kò bára wọn mu, owó náà ti wọgbó nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ iṣẹ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kó tó gbéra lọ sí Queen Cinema n'Ìbàdàn tàbí Computer Village n'Ìkẹjà.

Iṣẹ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan

Prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Òun ló ń ṣe ìṣirò gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú géèmù. Káàdì àwòrán, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní graphics card, ló ń ya ohun tí ojú ń rí. RAM dà bíi tábìlì tí oníṣẹ́ ọwọ́ kó irinṣẹ́ sí níwájú rẹ̀: bí tábìlì bá kéré, gbogbo ìgbà ni yóò máa dìde lọ mú èyí tó kù wá. SSD tàbí háàdì dísìkì ni àká tí a ń kó géèmù pamọ́ sí. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni ilẹ̀ tí gbogbo wọn fìdí kalẹ̀ lé, páwà páàkì ló sì ń pín iná fún wọn.

Káàdì àwòrán ni ó ń jẹ owó jù, òun náà ni agbára géèmù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Bí a bá pín owó kọ̀ǹpútà tuntun sí ọ̀nà 10, láìka mọ́nítọ̀ mọ́ ọn, ó dára kí nǹkan bíi ọ̀nà 4 lọ sí káàdì, kí 2 lọ sí prósẹ́sọ̀, kí 4 tó kù sì jẹ́ ti RAM, SSD, mọ́dábọ́ọ̀dù, páwà páàkì àti àpótí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn sáré ra Core i7 nítorí orúkọ, kí owó káàdì má sì kù mọ́. Ìran prósẹ́sọ̀ ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ: Core i7 ìran kẹta, ti ọdún 2012, kò lè bá Core i5-12400, tó jáde ní 2022, dọ́gba rárá.

Bí owó bá kéré

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, bíi Dell OptiPlex, HP ProDesk tàbí Lenovo ThinkCentre, ni ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí géèmù àtijọ́ bíi PES 2013 tàbí GTA San Andreas bá tẹ́ lọ́rùn lè lò ó láìra káàdì àwòrán kankan. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yan èyí tí àpótí rẹ̀ fẹ̀ tó sì ga, nítorí àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ kì í gba káàdì tó bá ga.

Páwà páàkì àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí kò lágbára púpọ̀. Wáàtì 290 péré ni ti OptiPlex 9020 alápòótí ńlá, ẹnu wáyà rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ọjà, tó fi jẹ́ pé a kì í kàn ra òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, káàdì tó ń gba gbogbo iná rẹ̀ láti ara mọ́dábọ́ọ̀dù ló yẹ ẹ́, bíi GTX 1050 Ti ti ọdún 2016 tàbí GTX 1650 ti ọdún 2019, tí wọn kì í jẹ ju nǹkan bíi wáàtì 75 lọ. Kí olùrà wo ara káàdì náà dáadáa. Bí ó bá ní ihò tí wáyà iná ń wọ̀, kò bá irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ mu.

Ọ̀rọ̀ ìran tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kò sì fọwọ́ sí prósẹ́sọ̀ Intel tó bá ti ṣáájú ìran kẹjọ, àfi díẹ̀ péré. OptiPlex 9020 jẹ́ ìran kẹrin. OptiPlex 7060 àti ProDesk 600 G4 jẹ́ ìran kẹjọ. Ó sàn kí èèyàn dúró oṣù kan sí i kó ra ti ìran kẹjọ, ju kó ra èyí tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Kí ó fi RAM 16GB sí i, kó jẹ́ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8GB, àti SSD dípò háàdì dísìkì.

Bí owó bá mọ níwọ̀n

Ẹni tó bá lè ra ẹ̀yà tuntun, ṣùgbọ́n tí owó káàdì kò tíì pé, lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ryzen 5 5600G, tó jáde ní 2021. Prósẹ́sọ̀ yìí ní agbára àwòrán nínú ara rẹ̀. Nínú RAM ló ti ń yá ààyè àwòrán, ìdí nìyẹn tí RAM méjì fi dára ju ẹyọ kan lọ fún un. Bí owó bá tún wọlé, a lè wá fi káàdì kún un.

Ẹni tí owó rẹ̀ pé lẹ́ẹ̀kan náà lè yan Ryzen 5 5600 tàbí Core i5-12400F, RAM 16GB, SSD 1TB, àti RX 6600 tó ní 8GB tàbí RTX 3060 tó ní 12GB. Kí ó rántí pé méjèèjì nínú prósẹ́sọ̀ yìí kò ní agbára àwòrán kankan nínú ara wọn: bí kò bá sí káàdì, mọ́nítọ̀ kò ní fi nǹkan kan hàn. Páwà páàkì wáàtì 550 tó ní àmì 80 Plus tó fún wọn. Mọ́nítọ̀ 1080p ló bá wọn mu. Ẹni tó bá ra ti 4K yóò kàn fi owó ṣòfò ni.

Kí ẹni náà má ṣe SSD kéré. EA Sports FC 24, tó jáde ní 2023, nìkan ń gba nǹkan bíi 100GB. Ẹni tó bá mọ iye tí dátà jẹ́ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a ń gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó gbọ́n máa ń da fáìlì géèmù tí wọ́n ti rà kọ láti ara dísìkì ọ̀rẹ́ tó ní irú rẹ̀, kí Steam lè yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì gba ìwọ̀nba tó kù nìkan.

Bí owó bá pọ̀

Níhìn-ín ni Ryzen 5 7600 tàbí Ryzen 7 7800X3D ti wọlé, pẹ̀lú RAM DDR5 32GB, káàdì RTX 4070 Super ti ọdún 2024 tàbí RTX 5070 ti ọdún 2025, páwà páàkì wáàtì 750, àti mọ́nítọ̀ 1440p. Mọ́dábọ́ọ̀dù AM5 ni àwọn Ryzen yìí ń lò, RAM DDR4 kò sì lè wọ inú rẹ̀ láéláé. Kí olónílé má ṣe gbàgbé pé RAM gbówó lórí gan-an káàkiri àgbáyé ní ìparí ọdún 2025, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń kọ́ ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn ń kó o rà.

Iná mànàmáná

Ẹ̀yà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà mọ́ owó ni ohun tí yóò dáàbò bo kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ iná tó ń lọ, tó ń bọ̀. Kí olùrà yọ owó sìtẹbiláísà àti UPS sẹ́yìn kó tó pín ìyókù sí ọ̀nà 10. UPS tí wọ́n kọ 650VA sí lára kì í gbé wáàtì 650. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju nǹkan bíi wáàtì 360 lọ. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí èèyàn yóò fi pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dáadáa ló wà fún. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn èèyàn ń pè ní “I better pass my neighbour” náà, tí wọ́n kọ 950 sí lára, nǹkan bíi wáàtì 650 ló lè gbé pẹ́, iná rẹ̀ kì í sì í dúró lójú kan.

Kọ̀ǹpútà oníwọ̀n owó lè jẹ nǹkan bíi wáàtì 250 pẹ̀lú mọ́nítọ̀ nígbà tí géèmù ń lọ. Wákàtí 4 yóò jẹ́ yúnìtì 1. Nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, fi owó Band A sí 225 náírà fún yúnìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, 225 náírà náà ni wákàtí 4 yẹn ì bá jẹ́ fún oníbàárà Band A. Ẹni tó ń lo epo pẹtiróòlù yóò san ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023.

Ẹ̀tàn inú ọjà

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ti gbówó lórí, àwọn oníjìbìtì sì rí ọ̀nà. Àwọn kan ń mú káàdì àtijọ́ bíi GTS 450, wọ́n á yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà kó lè máa pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ GPU-Z lè tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Bákan náà, nígbà tí Ethereum dáwọ́ wíwa owó orí ẹ̀rọ pẹ̀lú káàdì àwòrán dúró ní ọjọ́ 15, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, ọ̀pọ̀ káàdì tó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ya wọ ọjà tòkunbọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò yẹ ní iye owó tuntun.

Kí olùrà jẹ́ kí ọlọ́jà tan ẹ̀rọ náà, kí géèmù sì wà lórí rẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ìlà bá ń gba ojú mọ́nítọ̀ kọjá, tàbí tó kàn kú fúnra rẹ̀, kó fi sílẹ̀. Kí ó gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ara ẹ̀yà náà àti iye ọjọ́ wáráńtì sí. Páwà páàkì olówó pọ́ọ́kú tí kò ní orúkọ ni kó sá fún jù, nítorí bí ó bá gbiná, ó lè ba káàdì àti mọ́dábọ́ọ̀dù jẹ́ pọ̀ mọ́ ara rẹ̀.

Tí ó bá dé ilé, kí ó gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó sì máa fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ní pàtàkì nígbà ọyẹ́, nítorí ooru àti eruku máa ń pa ẹ̀rọ. Kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú OptiPlex tòkunbọ̀. Ẹni tó ra èyí tí agbára rẹ̀ ká, tí ẹ̀yà rẹ̀ bára mu, tí iná ilé rẹ̀ sì lè gbé e, yóò gbá géèmù pẹ́ ju ẹni tó jẹ gbèsè ra káàdì ńlá tí kò rí iná tàn án lọ.