Ta Ni Yóò Ṣe Ọ̀gá? Ìtàn Oyè Láàárín Àwọn Ọmọ-Ogun Afínnúfíndọ̀ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Níbikíbi tí ènìyàn bá péjọ láti ṣe iṣẹ́ kan, ìbéèrè kan kì í ṣàìdìde: ta ni yóò ṣe olórí, ta ni yóò sì yàn án? Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí ti wúwo tó inú iṣẹ́ ogun, nítorí níbẹ̀, ẹ̀mí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ni í san gbèsè àṣìṣe olórí. Àwa fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá wa wo bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dáhùn rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ-ogun afínnúfíndọ̀ wọn, èyíinì ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn, tí wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ogun ní àkókò ìsinmi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mẹ́nu kan àwọn ọmọ-ogun olówó-oṣù. Títí di 1871, owó ni a fi ń ra oyè ọ̀gá nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn. Láàárín àwọn ológun ẹlẹ́sẹ̀, iye tí ìjọba fi lélẹ̀ fún oyè tí ó kéré jù lọ jẹ́ £450. Ti lieutenant-colonel jẹ́ £4,500. Ẹni tí kò lówó, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, a dúró sójú kan, àwọn ọmọ olówó a sì máa kọjá lára rẹ̀. Edward Cardwell, mínísítà ọ̀rọ̀ ogun, ni ó fi òpin sí òwò yìí.

Àwọn afínnúfíndọ̀ kò ra oyè bẹ́ẹ̀. Ní 1859, nígbà tí ẹ̀rù ń ba àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé Napoleon Kẹta ti ilẹ̀ Faransé lè gbógun wá, ìjọba kọ̀wé ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún sí àwọn aṣojú Ọba ní àgbègbè gbogbo pé kí wọ́n gba àwọn ará ìlú láyè láti kó ẹgbẹ́ ọmọ-ogun jọ. Aṣojú Ọba yìí, tí wọ́n ń pè ní Lord-Lieutenant, ni ó ń fún ọ̀gá ní ìwé oyè rẹ̀, títí òfin 1871 fi gba àṣẹ náà padà sọ́wọ́ Ọbabìnrin. Nínú àwọn ẹgbẹ́ kan, àwọn ọmọ-ogun fúnra wọn a kọ́kọ́ dìbò yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Ó dàbí ẹni pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ni í ra aṣọ ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ sì ń wò fún ìnáwó púpọ̀. Wọn kò ta oyè, ṣùgbọ́n ìnáwó tí ó tẹ̀lé oyè lé tálákà sẹ́yìn.

Ní 1907, Richard Haldane ṣe òfin tí ó sọ àwọn afínnúfíndọ̀ di Territorial Force, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, 1908. Ní ọdún kan náà a dá Officers' Training Corps sílẹ̀ ní àwọn yunifásítì àti àwọn ilé-ìwé ńlá, kí ọmọ tí ó bá yege ìdánwò lè gba ìwé-ẹ̀rí. Ìdánwò dára ju owó lọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé-ìwé tí a ti ń kọ́ ọ, àwọn ọmọ olówó ni ó pọ̀.

Ogun 1914 ni ó fi hàn pé ọgbọ́n kò mọ ní ilé kan. Ẹgbẹ́ afínnúfíndọ̀ kan wà ní London tí ń jẹ́ Artists Rifles, tí àwọn ayàwòrán àti àwọn oníṣẹ́-ọnà dá sílẹ̀. Ayàwòrán olókìkí nì, Frederic Leighton, ti ṣe olórí rẹ̀ láti 1869 sí 1883. Nígbà tí ikú àwọn ọ̀gá pọ̀ jù ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n yan 50 nínú àwọn ọmọ-ogun lásán ẹgbẹ́ yìí ní oṣù Kọkànlá, 1914, wọ́n sì fi wọ́n joyè ọ̀gá. Lẹ́yìn náà a sọ ẹgbẹ́ náà di ibi tí a ti ń tọ́ ọ̀gá; kí ogun tó parí, ó ti pèsè ju 10,000 lọ.

Síbẹ̀, ògiri kan ṣì dúró, ògiri àwọ̀ ara. Òfin ìgbà náà ni pé ẹni tí ìran rẹ̀ kì í ṣe ti Yúróòpù nìkan kò gbọdọ̀ jẹ oyè tí yóò fi pàṣẹ fún ọmọ-ogun. Walter Tull, tí baba rẹ̀ wá láti Barbados, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, dàgbà ní ilé ọmọ aláìlóbìí, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Tottenham. Ó wọ iṣẹ́ ogun ní 1914, ó di sájẹ́ǹtì, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, 1917, a fi í joyè nínú Special Reserve, ẹgbẹ́ àfipamọ́ tí òfin Haldane dá sílẹ̀. Ní Ítálì, ó kó àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá odò Piave lóru, ó sì kó gbogbo wọn padà láìsí ẹni tí ó kú. Ó ṣubú ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, 1918. Òfin kò yí padà nítorí rẹ̀; ó di 1939, nígbà tí ogun mìíràn bẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó mú ìdènà náà kúrò.

Ní 1942 ni wọ́n wá gbé ìgbìmọ̀ ìdánwò tuntun kalẹ̀. Wọn a kó ènìyàn bíi mẹ́jọ jọ, wọn a fún wọn ní iṣẹ́ tí ó ṣòro, láìfi ẹnikẹ́ni ṣe olórí, wọn a sì máa wò wọ́n jẹ́ẹ́: ta ni ó ń ronú, ta ni ó ń gbọ́ ti ẹlòmíràn, ta ni àwọn yòókù ń tẹ̀lé láìjẹ́ pé ó pariwo? Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣì ń bẹ lónìí fún àwọn afínnúfíndọ̀, tí a ń pè ní Army Reserve láti 2014.

Àwọn àgbà wa ti wí pé ọmọ tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kọ́ wa pé ọmọ lè wẹ ọwọ́ rẹ̀ títí, kí àwọn àgbà má sì ṣí ilẹ̀kùn fún un. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń yan olórí kíláàsì, ẹ má ṣe wo aṣọ ọmọ tàbí orúkọ baba rẹ̀. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ kan ṣe, kí ẹ sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ máa wò.