Ojú, etí, igun

Ojú kì í ṣe ohun tí a fi ń ríran nìkan. Ojú ọ̀nà wà, ojú omi náà wà. Nínú jọ́mẹ́tìrì, ojú ni ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ lára nǹkan. Ibi tí ojú méjì ti pàdé ni etí, bí a ṣe ń sọ pé etí odò tàbí etí aṣọ. Ibi tí àwọn etí ti forí kanra ni igun.

Àwọn Gíríìkì ò pè é ní ojú ní tiwọn. “Hedra” tó wà nínú “polyhedron”, ìyẹn nǹkan olójú púpọ̀, ìjókòó ló túmọ̀ sí. Kò burú: ojú tó bá kanlẹ̀ ni nǹkan fi ń jókòó.

Mú páálí ìṣáná kan, kí o kà á: ojú 6, igun 8, etí 12. Ro ojú mọ́ igun, yọ etí kúrò, ó ku 2. Ó yá, gbé bọ́ọ̀lù dúdú àti funfun, irú èyí tí wọ́n gbá nínú ìdíje Ife Àgbáyé ní Mẹ́síkò ní 1970. Ojú dúdú 12 jẹ́ onígun márùn-ún, funfun 20 jẹ́ onígun mẹ́fà. Igun 60, etí 90. Ṣírò rẹ̀: 2 náà ni! Leonhard Euler, ọmọ Switzerland, ló kíyè sí èyí ní 1750.

Àwọn onígun márùn-ún yẹn ló jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ká kò. Gé páálí sí onígun mẹ́fà tó dọ́gba nìkan, kí o tò wọ́n pọ̀: pẹrẹsẹ ni wọn yóò tẹ́, láìsí àlàfo, bí afárá oyin.